Ẹ̀KỌ́ KẸFÀ: NÍGBÀ TÍ ỌKÀN WÒLÍÌ RẸ̀WẸ̀SÌ

BÍBÉLÌ KÍKÀ: I Àwọn Ọba 19:1-21
ẸSẸ ÀKỌ́SÓRÍ: I Àwọn Ọba 19:7

ÈTE Ẹ̀KỌ́: Kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ bí Ọlọ́run ti tọ́jú ìránṣẹ́ rẹ̀ tí ó rẹ̀wẹ̀sì, kí ó mọ ohun tí ó lè ṣe kí ọkàn òun àti ti ará ilé rẹ̀ má baà dà rú, kí ó sì mọ ibi tí ó yẹ kí a gbé aláìsàn lọ.

KÍKÀ OJOOJÚMỌ́
Ọjọ́ Ajé: I Àwọn Ọba 18:36-46
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Nọ́ńbà 11:10-17
Ọjọ́rú: Orin Dáfídì 42
Ọjọ́bọ̀: Jónà 4
Ọjọ́ Ẹtì: Máàkù 6:30-32
Ọjọ́ Àbámẹ́ta: II Kọ́ríńtì 1:8-11

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Bí ibà bá dá ará kan dúbúlẹ̀ nínú ìjọ wa, kò sí ẹni tí yóò bi í bóyá ó gbàgbọ́ tàbí kò gbàgbọ́. Wọn yóò ní kí ó lọ gba abẹ́rẹ́. Ìyàwó rẹ̀ yóò fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná mu. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì wá kí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé oorun ni kò kun ojú rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀, tí ó jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá tí kò sì fẹ́ rí ẹnikẹ́ni, ohùn wa a yí padà. Ẹnìkan yóò ní àdúrà rẹ̀ ni kò tó. Ẹlòmíràn yóò rọra sọ fún ọmọnìkejì rẹ̀ pé ọwọ́ ayé ni. Ẹni kẹta kò ní sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò ní yà sí ilé náà mọ́. Àwọn ará ilé fúnra wọn yóò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀rọ̀ náà, kí aráyé má baà sọ pé wèrè ń bẹ nínú ìdílé wọn, kí a má sì torí rẹ̀ kọ ọmọ wọn nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá dé. Báyìí ni ohun tí ì bá rọrùn láti wò ní ọ̀sẹ̀ kẹta ṣe ń di ohun tí a ń gbé kiri ní ọdún kẹta.

Yorùbá kò ṣe aláìní orúkọ fún àwọn àìsàn yìí. Gbogbo wa mọ aṣínwín tí ń rìn láàrin ọjà, òun nìkan sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń rò bí a bá dárúkọ àìsàn ọpọlọ. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n mọ àròkàn, tí ń jẹ ọkàn ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n mọ ọdẹ orí, nígbà tí ènìyàn ń sọ pé nǹkan ń rìn ní orí òun, tí orí ń gbóná, tí àyà ń já, tí oorun kò sì wá. Wọ́n mọ àbísínwín, tí í kọlu obìnrin lẹ́yìn ìbímọ. Ìyàtọ̀ ń bẹ láàrin wọn gẹ́gẹ́ bí ìyàtọ̀ ti wà láàrin ikọ́ àti ibà. Síbẹ̀ àìsàn ni gbogbo wọn, wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni a sì lè wò sàn, tàbí kí a tilẹ̀ dá dúró lọ́nà kí wọ́n tó gbilẹ̀.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

Alágbára ni ó rẹ̀wẹ̀sì (ẹsẹ 1-4)

Ẹ má ṣe yára kọjá níhìn-ín. Ẹni tí a ń kà nípa rẹ̀ lábẹ́ igi juníperì kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ẹni tí kò mọ Ọlọ́run. Ní orí kejìdínlógún, òun nìkan ni ó dúró níwájú 450 wòlíì Báálì lórí òkè Kámẹ́lì. Ó gbàdúrà, iná sọ̀ kalẹ̀. Ó tún gbàdúrà, òjò tí gbogbo ilẹ̀ ti ń wá láti ọdún pípẹ́ sì rọ̀. Ó sáré níwájú kẹ̀kẹ́ Áhábù títí dé ẹnu ibodè Jésíréélì. Kété lẹ́yìn gbogbo èyí, ìránṣẹ́ kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ Jésébẹ́lì ni ó lé e kúrò ní ìlú.

Ẹ wo bí ó ṣe sá. Ó fi ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Bééṣébà, ó sì dá rìn wọ aginjù ní ìrìn ọjọ́ kan. A kò kà á níbì kankan pé ó jẹun lọ́nà. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù ń bà á, inú rẹ̀ ṣófo, kò sì sí ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni ó bẹ Ọlọ́run pé kí ó gba ẹ̀mí òun.

Òun nìkan kọ́ ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Mósè béèrè ikú nígbà tí ẹrù àwọn ènìyàn náà wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Jónà béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì nípa ìpọ́njú kan ní Éṣíà tí ó mú kí òun àti àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ sọ ìrètí nù pé àwọn yóò yè. Nítorí náà, bí ará kan bá dìde nínú kíláàsì láti sọ pé onígbàgbọ́ tòótọ́ kì í rẹ̀wẹ̀sì, kí olùkọ́ fi pẹ̀lẹ́ bi í pé èwo nínú àwọn mẹ́rin yìí ni kì í ṣe onígbàgbọ́.

Ohun tí ń fa àìsàn ọpọlọ kì í ṣe ọ̀kan. Àwọn kan ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé bí àtọ̀gbẹ ti í máa ṣe, kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ ìdílé náà ni í mú. Ìbímọ lè fà á, ọ̀fọ̀ lè fà á. Bẹ́ẹ̀ ni gbèsè, ìyà tí a fi jẹ ọmọ ní kékeré, ọkọ tí ń lu aya, ìfarapa orí nínú jàm̀bá ọkọ̀, àti ọtí líle. Nípa igbó, mo ní gbólóhùn kan fún àwọn òbí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí mu ún ní kékeré, tí ó sì ń mu ún lójoojúmọ́, ń fi ara rẹ̀ sínú ewu ìsínwín ju ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò mu ún lọ, pàápàá bí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ bá ti wà nínú ìdílé rí. Ẹ jókòó bá a sọ̀rọ̀ kí ó tó di ohun tí a ń fi pàṣán sọ.

Oorun àti oúnjẹ ni a kọ́kọ́ fún un (ẹsẹ 5-8)

Ohun tí a ì bá retí ni pé kí áńgẹ́lì náà bá wòlíì wí. Kò bá a wí. Kò ka òfin fún un, kò sì rán an létí Kámẹ́lì. Ó jẹ́ kí ó sùn. Nígbà tí ó fi ọwọ́ kàn án, oúnjẹ ni ó fi hàn án, àkàrà tí a yan lórí ẹ̀yinná àti omi ní ìgbèrí rẹ̀. Èlíjà jẹ, ó mu, ó sì tún padà sùn. Bí ó bá jẹ́ nínú ilé wa ni, ẹnìkan ì bá ti pariwo pé oorun kí ni èyí. Áńgẹ́lì náà jẹ́ kí ó sùn lẹ́ẹ̀kejì, ó tún jí i jẹun lẹ́ẹ̀kejì, ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé agbára rẹ̀ kò tíì ká ìrìn tí ń bẹ níwájú. Títí di ìgbà yìí, kò tíì sí ìbéèrè kan tí a bi í.

Ó dá mi lójú pé ibi yìí ni ẹ̀kọ́ òní ti kàn wá jù. Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje, ó kéré tán, ní òru kan. Àìsùn jẹ́ àmì pé ọkàn kò sí ní ipò, òun kan náà sì lè ba ọkàn tí ó wà ní ipò jẹ́. Obìnrin tí ń jí ní aago mẹ́rin láti dáná, tí ń wọ mọ́tò lọ sí ọjà, tí ń padà ní aago mẹ́jọ alẹ́ láti tún dáná, ara rẹ̀ ń jẹ gbèsè oorun tí ẹnikẹ́ni kò bá a san. Èmi kò lòdì sí ìṣọ́ òru. Ṣùgbọ́n bí irú obìnrin yìí bá ní ìṣọ́ òru mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀mejì ní ibòmíràn àti ẹ̀kan ní ìjọ tirẹ̀, ó yẹ kí olórí ẹgbẹ́ rẹ̀ lè sọ fún un pé, "Ẹ lọ sùn, mà. A ó gbàdúrà fún yín." Olúwa wa pẹ̀lú, nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò rí àyè jẹun nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn, pè wọ́n lọ sí ibi tí ó dá láti sinmi.

Àwa tí ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé mọ èyí lọ́dọ̀ àwọn ọmọ pẹ̀lú. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ kan láti Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Orí ń gbóná wọn, ojú ń ṣú wọn, wọn a ka ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí wọ́n má sì rí nǹkan kan dì mú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ìwé kíkà ti pọ̀ jù fún ọpọlọ àwọn. Lóòótọ́, gbogbo ìrètí ìdílé ni ó wà lórí wọn: oko tí a tà, owó èésú tí a kó, àbúrò mẹ́rin tí ń dúró de ẹ̀gbọ́n kí ó tó kan wọ́n. Títí di òní, bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ ó rí ọmọ tí ń jẹ obì tí ó sì ń mu kọfí kí ó má baà sùn. Ẹ̀yin òbí, ẹ ní kí ó sùn. Ohun tí ó kà lánàá kì í dúró lórí bí oorun kò bá gbé e jókòó.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo bí a ti ń ṣe ìbẹ̀wò. Ká ní arábìnrin kan nínú ìjọ bí ọmọ, ọmọ náà sì kú ní ọjọ́ kẹjọ. Àwọn ará lọ kí i ní ogún, wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà gígùn, wọ́n ní kí ó má sunkún mọ́ nítorí Ọlọ́run yóò fún un ní òmíràn, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ọ̀rọ̀ náà dára lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n abọ́ àná ṣì wà nílẹ̀ láìfọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ìyá àgbà kan dé ní òun nìkan. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o, ọmọ mi." Ó gbé ìṣáásùn ọbẹ̀ kalẹ̀, ó fọ abọ́, ó wẹ ẹ̀gbọ́n ọmọ tí ó kú náà, ó sì gbé e pọ̀n jáde kí ìyá rẹ̀ lè sùn. Nígbà tí ó jí, ìyá àgbà bu oúnjẹ fún un. Nígbà tí ó bú sẹ́kún, ó jẹ́ kí ó sunkún. Ó tún wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí gbogbo àwọn tó kù ti gbàgbé. Kí kíláàsì sọ èwo nínú ìbẹ̀wò méjèèjì ni ó jọ ti áńgẹ́lì.

Ọlọ́run bi í léèrè, ó sì gbọ́ (ẹsẹ 9-14)

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, nígbà tí ara rẹ̀ ti gbà díẹ̀, ni ìbéèrè tó dé. Ọlọ́run mọ ohun tí wòlíì náà wá ṣe nínú ihò àpáta, síbẹ̀ ó bi í kí ó lè sọ ọ́ jáde fúnra rẹ̀. Èlíjà rojọ́. Lẹ́yìn ẹ̀fúùfù, ìsẹ̀lẹ̀ àti iná, nínú ohùn pẹ̀lẹ́, a tún bi í ní ìbéèrè kan náà, ó sì tún rojọ́ kan náà, láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Ẹni tí ó bá ti tọ́jú ẹni tí ọkàn rẹ̀ dà rú mọ èyí dáadáa: ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò máa sọ, ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Ó ń sú ni. A kò kà á pé ó sú Ọlọ́run.

Gbígbọ́ dà bí ohun kékeré, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá láti ilẹ̀ Zimbabwe, ní gúúsù Áfíríkà. Dókítà ọpọlọ kò pọ̀ níbẹ̀ rárá. Ní ọdún 2006, ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ tí ó wà, Dixon Chibanda, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àdúgbò Mbare ní ìlú Harare. Kò rí yàrá gbà nínú ilé ìwòsàn, a kò sì fún un ní nọ́ọ̀sì. Ìyá àgbà mẹ́rìnlá ni ó rí, àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ìlera láàrin àdúgbò. Ó kọ́ wọn bí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀, a sì gbé bẹ́ǹṣì onígi kalẹ̀ fún wọn níta, ní àgbàlá ilé ìwòsàn. Ẹni tí ìrònú bá ń dà láàmú yóò jókòó ti ọ̀kan nínú wọn lórí bẹ́ǹṣì yìí. Àwọn ará ibẹ̀ ń pe ohun tí ń ṣe é ní kufungisisa, tí í ṣe àròjù ní èdè tiwọn. Yorùbá pẹ̀lú kò bá ti pè é bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbà náà kì í wàásù. Yóò gbọ́ títí ẹni náà yóò fi sọ gbogbo rẹ̀ tán. Yóò ní kí ó ka àwọn ìṣòro rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó mú ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, kí ó sì sọ ohun kékeré tí ó lè ṣe sí i kí àwọn tó tún pàdé. Bí ẹni náà bá ti ń gbádùn, ó lè dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn tí ó ti jókòó bẹ́ẹ̀ rí, tí wọ́n jọ ń hun báàgì bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ dán iṣẹ́ yìí wò ní ilé ìwòsàn kékeré 24 ní Harare, pẹ̀lú ènìyàn 573, tí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2016, ohun tí wọ́n rí ni pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó jókòó pẹ̀lú àwọn ìyá àgbà, nǹkan bí mẹ́rìnlá ni ìrẹ̀wẹ̀sì ṣì wà lára wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó gba ìtọ́jú gẹ́gẹ́ bí ìṣe àtẹ̀yìnwá, nǹkan bí àádọ́ta ni.

Ìjọ wo nínú Àpéjọ wa ni kò ní ìyá àgbà mẹ́rìnlá? Ìjọ wo ni kò ní bẹ́ǹṣì? Ohun tí ó lè ṣòro fún wa ni ìpamọ́ ọ̀rọ̀. Bí arákùnrin kan bá sọ ìṣòro rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, tí ó sì gbọ́ ọ nínú àdúrà ẹlòmíràn ní ọjọ́ Àìkú, kò tún ní sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni mọ́, ó sì jàre.

A kò fi í sílẹ̀ ní òun nìkan (ẹsẹ 15-21)

Iṣẹ́ tí Ọlọ́run fún Èlíjà lẹ́yìn èyí ní ìwọ̀n: ọ̀nà kan tí yóò gbà padà, àti àwọn ènìyàn mẹ́ta tí yóò fi òróró yàn. Ó sì fún un ní ènìyàn. Ó sọ fún un pé ẹgbẹ̀rún méje ń bẹ tí kò tíì kúnlẹ̀ fún Báálì, nígbà tí òun rò pé òun nìkan ló kù. Ó sì rán an sí Èlíṣà ọmọ Ṣáfátì, tí ń fi màlúù túlẹ̀. Láti ọjọ́ yìí lọ, a kò tún bá wòlíì náà lábẹ́ igi kan ní òun nìkan.

Ilẹ̀ wa ní ìtàn tirẹ̀ lórí èyí. Nígbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, a dá ilé àwọn aṣínwín sílẹ̀ ní Kálábà ní ọdún 1904 àti ní Yábàá ní ọdún 1907. Ibi ìhámọ́ ni wọ́n nígbà náà ju ibi ìwòsàn lọ. Ní ọdún 1954, Thomas Adeoye Lambo padà sí Abẹ́òkúta láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ṣe olórí ilé ìwòsàn tuntun ní Aro. Ọmọ ìlú náà ni. Inú àwa Onítẹ̀bọmi yóò dùn láti rántí pé ó ka ìwé ní Baptist Boys' High School kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham. Dípò kí ó ti àwọn aláìsàn mọ́ ẹ̀yìn ògiri, ó lọ bá àwọn ará abúlé tó yí Aro ká, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi wọ́n wọ̀ sí ilé wọn.

Àdéhùn kan wà níbẹ̀. Aláìsàn kò gbọdọ̀ wá ní òun nìkan. Ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ìbátan mìíràn ní láti bá a gbé, kí ó máa dáná fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn lówùúrọ̀ láti gba oògùn àti ìtọ́jú. Lẹ́yìn náà yóò padà sí abúlé. Ẹni tí ó bá lè roko yóò roko, ẹni tí kò bá lè ṣe é yóò jókòó sí ìta láàrin àwọn ènìyàn, yóò gbọ́ kí a kí i, "Ẹ kú ọ̀sán o," yóò sì dáhùn. Àwọn ará abúlé ń gba owó ilé, ọjà wọn sì ń tà, nítorí náà kì í ṣe àánú nìkan ni wọ́n fi gbà wọ́n. Èmi kò sì rí ohun tí ó burú nínú ìyẹn. Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú, apá tí mo mọ̀ pé yóò fa àríyànjiyàn nínú kíláàsì. Kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí àríyànjiyàn náà gba gbogbo àkókò. Ohun tí ayé wá kọ́ ní Aro ni pé a lè tọ́jú aláìsàn ọpọlọ láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀. Lambo lọ di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1968, ó sì di igbákejì olórí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 1973.

Àdúrà àti ilé ìwòsàn

Pọ́ọ̀lù ń gbàdúrà fún Tímótì, síbẹ̀ ó kọ ohun tí yóò lò fún inú rẹ̀ sínú ìwé sí i (I Tímótì 5:23). Lúùkù tí ó bá a rìn jẹ́ oníṣègùn. Kò yẹ kí a gba oògùn fún inú rírun kí a sì kọ̀ ọ́ fún orí tí kò sùn. Bí àdúrà bá di ìdènà sí ilé ìwòsàn, ó ní ibi tí ó ti yapa.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde nípa àwọn aláìsàn ọpọlọ tí a fi ẹ̀wọ̀n so mọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ilé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, ní ilé ìtọ́jú ti ìjọba, ní ibi ẹ̀kọ́ àwọn Mùsùlùmí, àti ní ilé àdúrà àwọn Kristẹni. Àwọn mìíràn ni a fi ebi pa, tí a pè é ní ààwẹ̀. Ẹ fi èyí wé àkàrà orí ẹ̀yinná. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, dípò òfin àtijọ́ tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti ọdún 1916, tí ó ń pe aláìsàn ní wèrè nínú àkọlé rẹ̀ gan-an. Òfin tuntun náà lòdì sí kí a fi ẹ̀wọ̀n so aláìsàn. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀, kí ó sọ fún páṣítọ̀ àti fún àwọn aláṣẹ ìlera.

Nígbà wo ni kí a wá ìrànlọ́wọ́? Bí ìbànújẹ́ tàbí ìpayà bá wà lára ènìyàn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò sùn, tí kò jẹun, tí iṣẹ́ kò ṣe é ṣe fún un, tí ohun tí ó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ ọn. Bí ó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tí obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kò sùn, tí ó ń sọ ìsọkúsọ, tí ó sì kọ ọmọ rẹ̀, ẹ má ṣe dúró de ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Aro ń bẹ ní Abẹ́òkúta, Yábàá ń bẹ ní Èkó, àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì sì ní ẹ̀ka fún un. Ẹni tí a bá fún ní oògùn, kí ó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀ nítorí pé ara rẹ̀ ti yá. Kí dókítà ni yóò sọ ọ́.

Ó ku ohun kan tí ó wúwo láti sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ bí Èlíjà pé kí òun tilẹ̀ kú, ẹ má ṣe pariwo mọ́ ọn pé èèwọ̀ ni, ẹ má sì ṣe fi rẹ́rìn-ín. Ẹ bi í ní gbangba bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kò ní fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó ń mú kí ara tu ẹni náà pé ẹnìkan ti béèrè. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ kó oògùn apakòkòrò, ti ilé àti ti oko, kúrò ní àrọ́wọ́tó rẹ̀, ẹ tì í pa, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ilé tí kò tilẹ̀ sí aláìsàn, ó yẹ kí irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa wà nínú àpótí tí a tì, nítorí èrò láti kú a máa dé lójijì, a sì máa kọjá lọ bí ohun ìpalára kò bá sí nítòsí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ka ẹsẹ 3 sí 8 lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ni áńgẹ́lì náà ṣe, kí ni kò sì ṣe?
2. Ìpàdé mélòó ni ìjọ wa ń ṣe láàrin ọ̀sẹ̀ kan, ta sì ni ó ń wà ní gbogbo wọn? Ǹjẹ́ a lè dín ẹrù ẹni náà kù gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe fún Mósè nínú Nọ́ńbà 11?
3. Nígbà tí a bá gbọ́ pé ará kan ní àìsàn ọpọlọ, irú ọ̀rọ̀ wo ni ó sábà máa ń jáde lẹ́nu wa? Èwo nínú wọn ni ó lè lé e kúrò nínú ìjọ?
4. Ta ni nínú kíláàsì yìí tí a kò rí láti oṣù kan? Kí a yan ẹni méjì tí yóò lọ sí ilé rẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ yìí, kí a sì pinnu oúnjẹ tí wọn yóò gbé lọ.